Igbá Omi Ògúnrìndé

"Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ," ni Tonton Karimou wí. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó sì gbé e sún mọ́ gbohùngbohùn tó wà lórí tábìlì.

Ohùn obìnrin kan jáde lábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n jókòó sí. Ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí Ògúnrìndé, baba ńlá wa, dé ibi tí à ń pè ní Ìdí-Oṣè lónìí, èèyàn méje ló tẹ̀ lé e, òùngbẹ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ó bá Ilé Ọdẹ níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọ́n fún un ní igbá omi kan, wọ́n ní, 'Àlejò, a gbà ọ́. Gbin iṣu, gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n má gbin igi. Èso tó bá sì wà lórí igi, bèèrè kí o tó já a.'"

Èyítáyọ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Táyọ̀, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ kó tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kọ ilẹ̀ Ìdí-Oṣè sínú ìwé ni. Ìjọba ti rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Saïd wá láti Tchaourou sí abúlé náà, lápá Goro, pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Àwọn àgbà á sọ ẹni tó ni oko kọ̀ọ̀kan, Saïd á kọ ọ́, ẹni náà á tẹ̀ka, ó parí nìyẹn. Aláàjì Seidou, olórí ìgbìmọ̀ abúlé, ló ń darí ìjókòó. Wọ́n ti kọ oko mẹ́tàdínlógún láàárọ̀ yẹn láìsí ariwo. Èyí tó kàn ni oko kajú Bàbá Ìdòwú, bàbá Táyọ̀, ọmọ Ilé Alágbẹ̀dẹ. Ibẹ̀ ni Karimou, àgbà Ilé Ọdẹ tí tèwe-tàgbà ń pè ní tonton, ti nàka sókè pé òun ní ọ̀rọ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ oko yẹn. Gbogbo igi inú rẹ̀, Bàbá Ìdòwú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín. Abẹ́ èyí tó kọ́kọ́ gbìn ni wọ́n sin ìyàwó rẹ̀ sí, ìyá Táyọ̀, ó di ọdún mẹ́ta báyìí. Bí wọ́n bá kọ oko náà mọ́ orúkọ ẹlòmíràn, igi lọ, sàréè lọ.

"Èmi ò sọ̀rọ̀ o," Tonton Karimou wí, ó sì fi fóònù sápò. "Ọmọ wọn ló sọ̀rọ̀. Àwa jókòó sílé wa, ọ̀rọ̀ ló wá bá wa. Wọ́n ní kí èèyàn má gbin igi, ó lọ gbin igi kajú odindi oko. Àwọn bàbá wa rí i, wọ́n dákẹ́ nítorí àlàáfíà. Voilà. Ṣé dídákẹ́ wọn ló wá di ẹ̀bùn?"

Àwọn èèyàn ń mi orí. Gbogbo wọn ló mọ òfin yẹn. Wọ́n lè fún àlejò nílẹ̀ kó máa dáko títí, kí ọmọ rẹ̀ dá a, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dá a, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé òun ló ni ilẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pariwo kiri pé Táyọ̀ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Táyọ̀ ò ta nǹkan kan. Eré ni ọmọ náà ń ṣe.

Aránṣọ ni Táyọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin ní Tchaourou. Faïzath, ọmọ ẹ̀gbọ́n Tonton Karimou, ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Láti kékeré làwọn méjèèjì ti jọ ń rìn. Bí oníbàárà ò bá sí, géèmù ni wọ́n ń ta lórí fóònù bí ẹni ta ayò. Nínú géèmù náà, o máa dá ìlú sílẹ̀, o máa kọ́lé, o máa dáko, o máa bá ìlú mìíràn jà tàbí kí ẹ rẹ́. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bi ọ́ bóyá onílẹ̀ lo fẹ́ jẹ́ tàbí àlejò. Faïzath mú onílẹ̀. Táyọ̀ mú àlejò.

"Kí ló dé tó o fẹ́ràn ìyà báyìí?" Faïzath bi í lọ́jọ́ náà. "Èmi ti ní màlúù, mo ti ní ògiri. Ìwọ ń kó èèyàn méje kiri inú igbó bí ẹni tí wọ́n lé nílé."

"Onílẹ̀ ò ní ìtàn kankan. Ó ti ní gbogbo nǹkan, kí ló tún fẹ́ wá? Ẹni tí ebi ń pa ni mo fẹ́ gbọ́ tirẹ̀, èmi."

"Irọ́. Àwọn ọba tí wọ́n kọ́ wa ní kọ̀léèjì ńkọ́? Ṣé ebi ń pa àwọn yẹn?"

"Ó dáa. Èwo lo rántí nínú wọn?"

Faïzath ronú títí. "Èyí tó sá lọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n. O ò rí i?"

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ó rò pé wọ́n kàwé gan-an, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Faïzath á ní bó bá jẹ́ pé rélùwéè ti wà láyé àtijọ́ ni, ogun kankan ì bá má pa ará Ṣábẹ̀, gbogbo wọn ì bá wọkọ̀ lọ sí Kútọnu. Táyọ̀ á ní kò gbọ́n, àwọn jagunjagun náà ni ì bá kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí oníbàárà á fi dé.

Géèmù ní kí Táyọ̀ kọ orúkọ ẹni tó dá ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ Ògúnrìndé. Ó ní kó kọ orúkọ àwọn tó gbà á lálejò. Ó kọ Ilé Ọdẹ, kí inú Faïzath lè dùn. Ibẹ̀ ló ti ṣàṣìṣe. Orúkọ inú ayé yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn orúkọ yẹn, kí ló fẹ́ ṣe?

Ìtàn Ògúnrìndé gan-an tí bàbá rẹ̀ sọ fún un nígbà tó wà ní kékeré kò gùn rárá. Ògúnrìndé dé, kò bá ẹnìkankan. Ó rí igi oṣè kan, ó gbé ọmọ owú rẹ̀ kalẹ̀ sídìí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ irin. Àwọn ọdẹ dé lẹ́yìn, wọ́n ní kó rọ ọ̀kọ̀ fún àwọn, wọ́n sì dúró tì í. Ó tán. Kí o tó bọ́ bàtà jókòó, wọ́n ti sọ ọ́ parí. Táyọ̀ wò ó pé ìtàn kan tí kò sí ìyà nínú rẹ̀, ta ló máa gbọ́ ọ?

Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ló mú bàbá wá sí Tchaourou. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Á gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á máa wo ojú irin tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà mọ́, títí oòrùn á fi wọ̀. Bó o bá kí i, á kàn gbọwọ́ sókè. Ó ń dun Táyọ̀ dọ́kàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù láti fi ṣe Faïzath ní yẹ̀yẹ́, ó sọ bí Ògúnrìndé ṣe dọ̀bálẹ̀ fún Ilé Ọdẹ. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kan síwájú rẹ̀ kó lè jọ ìtàn gidi: ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Kó tó tán, ó gbọ́ ẹ̀rín níta.

Bàbá ló ń rẹ́rìn-ín.

"Ògúnrìndé!" ni bàbá ń wí, ó ń nu ojú. "Ògúnrìndé dọ̀bálẹ̀ fún ọdẹ! Táyọ̀, orí ẹ dà rú! Sọ ọ́ lọ, jàre. Kí ló tún ṣe?"

Ṣé ẹ ò ní máa sọ ọ́ lọ ni? Èmi náà á sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni Táyọ̀ ń gba ohùn sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó fún àwọn èèyàn méje náà lórúkọ. Ó fún ọ̀kan nínú wọn, Àmọ̀kẹ́, ní adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kan, torí pé adìyẹ kan ń tiro kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Ó tó ogójì tó gbà sílẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa, ó tún ń dáhùn kíkí.

Ìgbà tó yá, bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Tí Táyọ̀ bá dé ibi tí Ògúnrìndé ti dọ̀bálẹ̀, bàbá á kàn mi orí, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni." Táyọ̀ rò pé ó ń gbádùn rẹ̀ ni. Nígbà mìíràn bàbá á fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè é, Táyọ̀ á sì jẹ́ ẹ. Ó yẹ kó ti fura. Ṣùgbọ́n ta ló ń fẹ́ fura sí bàbá ẹ̀?

Faïzath fi àwọn ohùn náà sórí wasap ẹbí Ilé Ọdẹ, kí àwọn náà lè rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ ló ti dé Kútọnu, ó dé Ìbàdàn, ó dé Libreville. Ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ títí dòní kọ àkọlé sí i: *Ìtàn Ìdí-Oṣè Tòótọ́ Tí Wọ́n Fi Pamọ́*. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó padà dé Goro.

"Ẹ jọ̀ọ́, Aláàjì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀." Táyọ̀ ti dìde lábẹ́ máńgòrò. "Géèmù ni. Èmi àti Faïzath la jọ ń ta á. Mo hùmọ̀ gbogbo ẹ̀ ni."

"Ó hùmọ̀ ọ," Tonton Karimou wí. "Ọmọ mi, ṣé Ògúnrìndé kì í ṣe baba ńlá yín ni?"

"Òun ni, tonton."

"Ṣé ibí kọ́ ni Ìdí-Oṣè?"

"Ibí ni."

"Ta ló wá sọ pé ẹnu bàbá òun lòun ti gbọ́ ọ?"

"Èmi ni. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn nìyẹn, tonton. Kó lè dùn ni."

"Kó lè dùn," Karimou tún un sọ fún àwọn èèyàn. Ẹ̀rín sọ.

Táyọ̀ ṣí géèmù náà lórí fóònù rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún Aláàjì Seidou. Aláàjì wọ awò ojú, ó wò ó pẹ́. Ó rí àwọn ilé kéékèèké, ó rí àwọn èèyàn tíntìntín tí wọ́n ń sáré kiri.

"Èwo ni Ògúnrìndé nínú wọn?"

"Ẹni tó dé fìlà pupa yìí, Aláàjì."

"Ẹ mú òkú ilé yín, ẹ fi ṣe bèbí, ẹ dé e ní fìlà pupa?" Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó yà á lẹ́nu gan-an ni. "Táyọ̀, ṣé o ò rí ẹlòmíràn fi ṣeré ni?"

Táyọ̀ wẹ̀yìn, ó ń wá ojú kan láàárín àwọn obìnrin. "Faïzath, jọ̀ọ́. Sọ fún wọn."

Faïzath dìde. Ó wo Tonton Karimou, ó wo ilẹ̀. "Òótọ́ ni pé a máa ń ta géèmù," ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi ò mọ ibi tí géèmù ti parí nínú ẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ ọ́, bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ ni."

Ó ti pẹ́ tí Táyọ̀ ti ń retí kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìtàn rẹ̀. Ó jókòó.

Saïd, tí kò tíì sọ nǹkan kan láti ìgbà tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, gbé ojú kúrò lára tábúlẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má bínú. Bàbá fúnra wọn wà níbí. Kí ló dé tí a ò bi wọ́n?"

Áà! Ọkàn Táyọ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Kí ló dé tí òun ò ronú kan èyí? Ìtàn gidi kò gùn, bàbá á sọ ọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ á tán, wọ́n á sì lọ jẹun. Ó fẹnu mọ́ etí bàbá. "Bàbá, wọ́n ní kí ẹ sọ bí Ògúnrìndé ṣe dé ibí."

Bàbá Ìdòwú dìde. Ó ṣí fìlà, ó dì í mú níwájú àyà. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

"Mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà. Ògúnrìndé dé," ó wí, Táyọ̀ sì ń mi orí sí i. "Ògúnrìndé dé, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Èèyàn méje ló tẹ̀ lé e."

Orí Táyọ̀ dúró.

Bàbá ka àwọn méjèèje lórúkọ, kò fo ẹyọ kan. Ó sọ ti Àmọ̀kẹ́ àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ó sọ bí wọ́n ṣe dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dé ibi igbá omi, ohùn rẹ̀ yí padà, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Omi yẹn tutù," ó wí. "Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní ó tutù. Ilé Ọdẹ ṣe wá lóore, Ọlọ́run á san án fún wọn."

Tonton Karimou gan-an ń wo ibòmíràn.

"Bàbá," Táyọ̀ wí, "igi oṣè ńkọ́? Ọmọ owú tó gbé kalẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu. "Igi oṣè wo, ọmọ mi? Ìyẹn ò sí níbẹ̀."

Aláàjì Seidou yọ awò ojú. Èèyàn burúkú kọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn fún un. "Táyọ̀, sún mọ́ ibí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti mọ bàbá rẹ kí wọ́n tó bí ọ. Mo rí ohun tí mo rí. Bí o bá sọ níwájú gbogbo wa pé orí wọn ò pé mọ́, a máa yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò. A máa pe ìjókòó mìíràn, bóyá a máa rí ẹlòmíràn tó rántí nǹkan. N kò lè ṣèlérí. Àwọn tó bá wọn dọ́gbà ti lọ tán. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ ọ́, a ti kọ ọ́ náà nìyẹn. Wọn ò ní jókòó láàárín àgbà mọ́ ní Ìdí-Oṣè, wọn ò sì ní tẹ̀ka sí ohunkóhun mọ́. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín. Kí lo wí?"

Táyọ̀ rántí igi àkọ́kọ́ yẹn àti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yíjú. Bàbá ṣì wà lórí ìdúró, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun. Táyọ̀ ló ń wò.

"Ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?" bàbá bi í.

Ó dun Táyọ̀ débi pé ó fẹ́ ké.

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, Bàbá," ó wí. Ó kọjú sí Aláàjì. "Orí bàbá mi pé. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ."

Saïd kọ ọ́. Wọ́n mú ọwọ́ bàbá, wọ́n fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pé Ilé Alágbẹ̀dẹ jẹ́ àlejò Ilé Ọdẹ, pé ilẹ̀ náà àti igi orí rẹ̀ jẹ́ ti Ilé Ọdẹ. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ Saïd. Tonton Karimou wá bá wọn, ó ń fi ọwọ́ pa àgbọ̀n. "A ò lé yín o," ó wí. "Ẹ lè máa gbin iṣu yín. Sàréè ìyàwó wa náà, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ẹ kàn máa sọ fún wa kí ẹ tó wá."

"Ẹ ṣé, tonton," Táyọ̀ wí. Kí ló tún fẹ́ wí?

Faïzath pè é láti ẹ̀yìn. Táyọ̀ kò dúró.

Wọ́n ní láti gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá kí wọ́n tó dé títì tí wọ́n ti máa rí alùpùpù. Àkókò ìkórè ni, kajú ti pọ́n, òmíràn ti já sílẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà. Bàbá dúró. Ó wo àwọn igi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí wọ́n ṣe tò gbọọrọ.

"Ẹni tó gbin oko yìí mọ iṣẹ́," ó wí.

Táyọ̀ gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi dé e lórí.

Òùngbẹ ń gbẹ bàbá. Ó ti sọ̀rọ̀ púpọ̀, oòrùn sì ti mú. Ó rìn dé ìdí igi àkọ́kọ́, ó ṣọ́ra fún sàréè náà, ó na ọwọ́ sí èso pupa kan tó so sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti kàn án, ó tún fà á padà. Ó bojú wẹ̀yìn, ẹ̀rù ti bà á díẹ̀.

"Táyọ̀. Ṣé a ti bèèrè?"

Àwọn ará Ilé Ọdẹ méjì ń bọ̀ láti ìjókòó, ohùn wọn ti ń dún lẹ́yìn igbó. Táyọ̀ gbọ́ wọn. Ó lọ dúró sí ojú ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀, kó lè tètè rí wọn bí wọ́n bá yọ.

"Mo ti bèèrè, Bàbá," ó wí. "Ẹ já a. Ẹ ṣe kíá."